Àgbàdo Funfun Ìyá Mi àti Àgbàdo Pupa Ìyá Ọkọ Rẹ

Ìtẹ̀lẹ̀, l'Ọ̀tà,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejìlá.

Toyibat, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí àlàáfíà Ọlọ́hun bá ọ nílé, kó sì bá ẹni tó wà nínú rẹ níbi tó sùn sí. Mo kí Àmọ̀dá ọkọ rẹ pẹ̀lú. Ṣé oorun ń tó ọ? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń wú níjọ́sí ti wálẹ̀? Èmi ìyá rẹ wà láàyè, ara mi sì le, àfi orúnkún òsì tó máa ń bá mi jà nígbàkígbà tí òjò bá ṣú. Òjò sì ti lọ báyìí, kò tún ní rí ohun sọ títí di oṣù Kẹta. Àdúrà mi ni pé kí Ọlọ́hun sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀.

O máa ní kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Bí mo bá pè ọ́, ọkọ rẹ á ní kí o tẹ̀ ẹ́ kó máa dún síta kí òun náà lè kí mi, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ á sì di pé a wà dáadáa, a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ìwé yìí rán awakọ̀ tó ń ná Ìlọrin láti Sángo. Kí ìwọ nìkan kọ́kọ́ kà á, lẹ́yìn náà kí o wá rò ó bóyá ọkọ rẹ lè kà á.

Nígbà tí o pè mí lóṣù tó kọjá, o ní ìyá ọkọ rẹ ni yóò kọ́kọ́ wá wẹ ọmọ fún ọ, pé bó bá lọ tán, èmi náà lè wá. O sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta tòmátì. Mo ní kò burú. Ó burú, Toyibat. Ó burú débi pé n kò lè jẹ ọbẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi sè lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo bí ọ, ìyá mi ló wá láti Ẹdẹ. Òun ló wẹ̀ ọ́, òun ló nà ọ́ lápá nà ọ́ lẹ́sẹ̀, òun ló ń po ògì àgbàdo funfun tirẹ̀ fún mi títí ọmú mi fi kún. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dúró de ìgbà tèmi. Kí ẹlòmíràn wá dé ibẹ̀ ṣáájú mi, n kò lè gbà á mọ́ra. Mo ń jowú. N kò ní wá orúkọ mìíràn fún un.

Kì í sì ṣe òní. Àdìzát ìyá ọkọ rẹ lò ń pè ní "Màámi"; èmi, "Ìyá", bí ẹni tó ń pe ìyá onílé. Nígbà Iléyá, o ra bàtà fún àwa méjèèjì, tirẹ̀ ní ìdè tó ń tàn, tèmi kò ní. O máa ní èmi ni mo sọ pé n kò fẹ́ ohun tó ń tàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí o mọ̀ pé mo fẹ́ kí o fi tipátipá rà á fún mi ni. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Mo dúpẹ́ pé Ọlọ́hun fún mi ní ẹran níbòmíràn. Má sì bínú pé mò ń kọ "ó" fún un. Ìwọ ni ó yẹ kí o pè é ní "wọ́n", ẹgbẹ́ rẹ̀ ni èmi.

Ìwọ lo ní kí a jọ máa dáko kí a lè mọwọ́ ara wa. O mọ ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọgbà ilé iṣẹ́ irin tí wọ́n tì pa ní Sángo, èyí tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń jẹ́ kí a máa gbin nǹkan sí. Mo ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé iṣẹ́ oníke. Nítorí tìrẹ ni mo ṣe bá a bẹ ẹ̀ṣọ́ náà, tó fún un ní ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Mo gbin àgbàdo funfun ìyá mi, èyí tí mo máa ń so rọ̀ sórí àjà ìdáná kí èéfín lè lé kòkòrò. Òun gbin àgbàdo pupa. Ọmọ Ọ̀tà pọ́ńbélé ni, ilẹ̀ náà mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Àgbàdo rẹ̀ ga, ewé rẹ̀ dúdú, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí i. Susanna tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ níwájú wa á dúró, á ní, "Ìyá Àmọ̀dá, ọwọ́ yín mà yẹ ọ̀gbìn o." Àgbàdo tèmi náà hù o, kò sẹ́ni tó bi ọwọ́ mi léèrè.

Nígbà tí àgbàdo gbó lóṣù Keje, mo bó ọ̀kan, ọkàn mi já. Ẹyọ funfun wà níbẹ̀, ẹyọ pupa wà láàárín rẹ̀, wọ́n tò gátagàta bí eyín ẹni tó ń jẹ obì. Mo bó òmíràn, bákan náà. Mo ń bó o títí mo fi jókòó sílẹ̀. Àgbàdo ìyá mi, tí kò ní àbàwọ́n rí láti Ẹdẹ! Mo yọjú sí apá ọ̀dọ̀ àna mi, mo bó ọ̀kan nínú tirẹ̀ láìtọrọ àyè. Pupa ni délẹ̀, kò sí ẹyọ funfun kan nínú rẹ̀. Kí lo fẹ́ kí n rò? Mo rò pé ó ti yọ́ wọ oko mi, pé ó ti ri irúgbìn tirẹ̀ mọ́ tèmi, kí ti ìyá mi lè parẹ́ kí o tó bímọ, kó lè jẹ́ pé ògì tirẹ̀ ni o máa mu.

Mo ká gbogbo rẹ̀ pátá, mo kó o sínú bàsíà, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ilé rẹ̀ l'Ọ̀tà, mo sì dà á sí ojúde rẹ̀ lójú àwọn ayálégbé. Mo ní, "Ìyá Àmọ̀dá, ẹ gba ọmọ yín." Mo tún sọ àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí n kò ní kọ síbí, nítorí kò yẹ kí oyún gbọ́ wọn. Ó ní, "Ẹ ṣé o, àna mi. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ mumi." N kò jókòó. Òùngbẹ gbẹ mí dé ilé. Mo wá ń retí kí o pè mí kí o bá mi wí, o kò pè, mo fi mọ̀ pé kò sọ fún ọ. Ìyẹn gan-an tún bí mi nínú sí i. Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ òun ni ẹni rere nígbà gbogbo?

Tíṣà Seth ló là mí lóye. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan, ó sì ní ebè ilá díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọgbà náà. Ó ní ẹnikẹ́ni kò wọ oko mi. Ó ní akọ àti abo wà lára àgbàdo kan ṣoṣo: ohun tó máa ń yọ lórí rẹ̀ bí ìrùkẹ̀rẹ̀ ni akọ, irun tó máa ń yọ lẹ́nu ọmọ tó bá pọ̀n ni ti abo. Lẹ́búlẹ́bú kan máa ń gbọ̀n sílẹ̀ láti orí. Èyí tó bá bà lé irun, á tọ irun náà wọ inú lọ, ibẹ̀ ló ti máa di ẹyọ kan. Irun kan, ẹyọ kan. Afẹ́fẹ́ ló sì ń gbé lẹ́búlẹ́bú náà kiri, afẹ́fẹ́ kò sì mọ ààlà oko. Lẹ́búlẹ́bú àna mi ló fẹ́ wá bà lé irun tèmi, pupa sì máa ń borí funfun lójú ẹsẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí tirẹ̀ kò fi yí padà, tó jẹ́ tèmi nìkan. Ó ní tèmi náà ti wọ inú tirẹ̀, abẹ́ pupa ló sá pamọ́ sí. Bí wọ́n bá gbìn ín, tó bá tún so, funfun á yọjú. Inú mi dùn díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn.

Ó ní kì í ṣe gbogbo ọ̀gbìn ló rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá gé igi ẹ̀gẹ́, tí a sì gbìn ín, ẹ̀gẹ́ tó máa hù kò ní yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ewúro, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dùnkún. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tilẹ̀ dúró kí ẹnì kan gé òun. Ìdí ìyá ni ọmọ ti ń yọ, ara ìyá náà ni. Ó ní wọn kò nílò akọ láti di púpọ̀. Kò sí bàbá níbẹ̀, kò sí àna, kò sí afẹ́fẹ́. Toyibat, mo jowú ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ náà. O kò tíì máa rìn nígbà tí bàbá rẹ kú. Èmi nìkan ni mo tọ́ ọ, tí mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé iṣẹ́ oníke, tí mò ń sùn lójú ọ̀sán pẹ̀lú ọwọ́ rẹ lẹ́nu mi. Ibi gbogbo tí a bá dé, wọ́n á ní ó dà bí ẹni pé wọ́n là mí sí méjì. Mo wá rò pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mí, pé ìdí mi lo ti yọ, kò sì kan ẹnikẹ́ni. N kò rò ó rí pé afẹ́fẹ́ lè fẹ́ wá láti Ọ̀tà.

Tíṣà wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi bí n ó ṣe pa irúgbìn ìyá mi mọ́ nígbà òjò àrọ̀kúrò. Ó ní kí n fi ọ̀rá bo ọmọ àgbàdo kó tó yọ irun, kí lẹ́búlẹ́bú ibòmíràn má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibi tó bá a dé nìyẹn tí àna mi fi dé oko. Tíṣà fò dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kúuṣẹ́, Mọ́mì," ó sì gbé àpótí tó fi jókòó fún un. Búlọ́ọ̀kù ni mo jókòó lé láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó gbé àpótí fún mi. Mo dìde, mo gbọn ìdí mi, mo lọ sílé. N kò dúró gbọ́ ìyókù.

Gbogbo irúgbìn tó kù lórí àjà ni mo gbìn, n kò dá ọ̀kan sí, nítorí kòkòrò ti ń wọ̀ ọ́. Bí ọmọ àgbàdo ṣe ń yọ ni mò ń fi ọ̀rá dì í, tí mò ń fi okùn so ó pinpin. Susanna bi mí bóyá òtútù ló ń mú wọn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni mò ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò pé ọ̀rá kankan kò ya. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti apá ọ̀dọ̀ àna mi, tí lẹ́búlẹ́bú ń fò, inú mi á máa dùn. Mo máa ń dúró síbẹ̀ fi afẹ́fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tú ọ̀rá, mo bó àgbàdo. Ṣùkù ni mo bá nínú rẹ̀, ṣùkù lásán tí kò ní ẹyọ. Mo bó èkejì, ṣùkù. Bí gbogbo oko náà ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀yìn náà ni mo wá gbọ́ pé ohun tí Tíṣà fẹ́ sọ nígbà tí mo dìde lọ ni pé bí mo bá ti dí ọ̀nà mọ́ àjèjì tán, kí n gbọn lẹ́búlẹ́bú orí àgbàdo tèmi sínú bébà, kí n tú ọ̀rá náà láàárọ̀, kí n dà á sórí irun, kí n sì tún so ó. Èmi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ti Àdìzát, mo sì tì í mọ́ tèmi náà. Irúgbìn tí ìyá mi gbà lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀ ti pẹ̀kun sí ọwọ́ mi. Mo jókòó sáàárín oko, mo sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Kí ni mo fẹ́ gbé wá sí Ìlọrin? Kí ni màá fi sọ pé ìyá ọmọ ni mí?

Ibẹ̀ ni àna mi bá mi. Kò bi mí pé kí ló dé. Ó bó ọ̀kan wò, ó bó òmíràn wò, ó sì jókòó tì mí nílẹ̀ nínú aṣọ tó fi ń lọ kí Jímọ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní kí n dìde, kí a lọ sí ilé òun. N kò fẹ́ lọ, mo sì lọ. Nígbà tí a wọ ilé ìdáná rẹ̀, mo gbójú sókè, mo rí gbogbo àgbàdo tí mo dà sí ojúde rẹ̀. Ó ti so wọ́n rọ̀ ní méjì méjì sórí àjà, èéfín ti pa háríhá wọn láró. Ó ní, "Ìyá Toyibat, ẹ ní kí n gba ọmọ mi. Mo gbà á. A kì í da ọmọ nù." Ẹnu tí mo fi sọ̀rọ̀ lójú àwọn ayálégbé kò ṣí mọ́.

A pe Tíṣà lórí fóònù. Ó ní ẹyọ tó bá funfun nínú wọn, àtakọ àtabo rẹ̀ ni ó ti oko mi wá, nítorí ká ní pupa ti kàn án, kì bá tí funfun mọ́. A wá jókòó, a ń yin ín, funfun sínú igbá kan, pupa sínú èkejì. Irúgbìn ìyá mi kún igbá náà dé àárín. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo sì pe orúkọ ìyá mi.

O máa rò pé owú náà tán níbẹ̀. Kò tán. Bí mo ṣe ń dúpẹ́ ni inú ń bí mi pé òun ló tọ́jú rẹ̀, pé ká ní èmi ni wọ́n da irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí lójúde, ewúrẹ́ ni màá pè sí i. Ó tún wá tọrọ nǹkan kan. Ó ní kí n jẹ́ kí òun mú igbá ẹyọ pupa, nítorí ti àwa méjèèjì ni, òun fẹ́ gbìn ín lọ́tọ̀ kí òun lè rí bó ṣe máa rí. Mo fẹ́ sọ pé rárá. Mo wo igbá náà, mo ní kí a pín in sí méjì. Ibẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí Ìlọrin." Ká ní mo rí ọ̀rọ̀ náà kó tó jáde, ǹ bá gbá a mú.

Mo rò pé ó máa yọ̀ ni. Omi ló lé sí ojú rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun bí Àmọ̀dá, ìyá ọkọ òun kò jẹ́ kí ìyá òun fọwọ́ kan ọmọ. Ẹnu ọ̀nà ni ìyá òun jókòó sí títí, ó ń gbọ́ ẹkún ọmọ nínú ilé, ó sì padà sí Adó-Odò láìwẹ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan. Ó ní nígbà tí Àmọ̀dá ní kí òun kọ́kọ́ wá, ìyá òun ni òun ń rò lọ rò bọ̀, òun kò kàn mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún mi ni, nítorí mo ti yarí sí òun. Toyibat, mo ti ń jowú obìnrin yìí láti ọjọ́ ìgbéyàwó yín, n kò bi í léèrè rí pé ta ló bí i.

Torí náà, àwa méjèèjì là ń bọ̀. A ti gba àyè ní ibùdókọ̀ Sángo fún Sátidé tó ń bọ̀. Ó fẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, a ṣì ń bá a fà. Ògì máa wà, ṣùgbọ́n kò ní pọ̀, nítorí a fẹ́ gbin èyí tó pọ̀ jù nínú ẹyọ funfun náà lóṣù Kẹta, níbi tó jìnnà sí pupa. Èmi ni màá kọ́kọ́ wẹ ọmọ. Mo ti sọ fún un, ó ní òun á máa bu omi. Bí mo bá rí i pé ó ń bu omi náà dáadáa, bóyá màá jẹ́ kó wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ó ku ohun kan, òun gan-an ló mú mi kọ ìwé yìí. Ọmọ tí o gbé sínú kì í ṣe ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ti yé mi. Ó lè gbé iwájú orí Àdìzát wá sáyé. Ó lè gbé etí rẹ̀ tó nà síta wá. Àwọn tó bá wá kí wa á máa wo ọmọ, wọ́n á ní, "Ìyá Àmọ̀dá, ẹ̀yin tún nìyí," èmi á sì wà níbẹ̀ tí mò ń gbọ́. Ó máa dùn mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bó bá jọ ìyá ọkọ rẹ, Toyibat, bó bá jọ ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, tí kò sí ibi kan tó fi jọ mí, má dúró wo ojú mi. Ṣáà gbé e lé mi lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Kí ẹrù náà sọ̀ wẹ́rẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ má ya, kí ọmọ tí a bá gbé lé ọ lẹ́yìn má bọ́. Kí o dàgbà débi tí ìwọ náà á fi gbé igbá irúgbìn lọ bá ọmọ rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá tó bí ọ, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé,

Ràfátù.

Àfikún: Ìyá ọkọ rẹ ní kí n kí ọ dáadáa, kí n sì sọ fún ọ pé kí o má gbé nǹkan wúwo. Òkè lọ́hùn-ún ló yẹ kí n ti kọ ọ́ sí. N kò gbàgbé o.